Takisí wo ni kí ẹ wọ̀? Ìfiwéra takisí ojú títì, takisí àpè, takisí orí fóònù àti takisí àjùmọ̀wọ̀

Bí ará ìlú bá ń ráhùn nípa takisí, owó ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ síwájú díẹ̀, ẹ ó rí i pé iye owó gan-an kọ́ ló ń dùn ún jù. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò mọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi sọ̀kalẹ̀, tàbí pé dírébà gbọ́ ibi tó ń lọ tán, ó mi orí, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, tàbí pé ó gbàgbé báàgì sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kò sì mọ ẹni tó máa pè. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nídìí gbogbo ẹ̀. Ta ló ń dá iye owó? Ta ló yẹ dírébà àti ọkọ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò dáhùn? Takisí kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe dáhùn àwọn ìbéèrè yìí, ìdí nìyẹn tí èyí tó dáa jù láàárọ̀ fi lè jẹ́ èyí tó burú jù lóru.

Mẹ́rin la máa fi wéra. Takisí ojú títì ni èyí tí ẹ na ọwọ́ sí lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí tí ẹ bá ní ìdíkọ̀ rẹ̀. Takisí àpè ni èyí tí ẹ pe ọ́fíìsì kan fún, tí wọ́n ti sọ iye owó fún yín kí ọkọ̀ tó gbéra. Takisí orí fóònù ni ti áàpù. Takisí àjùmọ̀wọ̀ ni èyí tí ọ̀nà rẹ̀ kì í yí padà, tí èrò mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ ń wọ̀, tí kálukú ń san owó ìjókòó tirẹ̀.

| | Ojú títì | Àpè | Orí fóònù | Àjùmọ̀wọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ta ló ń dá owó? | Ìjọba, láti inú mítà | Iléeṣẹ́, kí ọkọ̀ tó gbéra | Áàpù, ó sì ń yí padà | Ẹgbẹ́ awakọ̀ ọ̀nà náà |
| Ta ló yẹ dírébà wò? | Ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé àṣẹ | Ọ́fíìsì náà àti iléeṣẹ́ | Áàpù, pẹ̀lú ìjọba níbi tí òfin bá wà | Ẹgbẹ́, bó bá yẹ̀ ẹ́ wò rárá |
| Ta ló mọ̀ pé ẹ wà nínú ọkọ̀ náà? | Kò sẹ́nì kan | Ẹni tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì | Áàpù, àti ẹni tí ẹ fi ìrìnàjò hàn | Èrò tí ẹ jọ jókòó |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò, òun ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Kí ló dé tí òfin fi le jù lórí takisí ojú títì?

Ẹni tó ń ra bàtà lè kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi rí èyí tó bá àpò rẹ̀ mu. Ẹni tó dúró sí ẹ̀bá títì nínú òjò kò ní irú àǹfààní yẹn. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dúró ló máa wọ̀, dírébà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí pípọ̀ tí ọkọ̀ pọ̀ kì í fi í sábà mú owó takisí ojú títì wálẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Sweden gbìyànjú ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, wọ́n mú òté kúrò lórí iye ọkọ̀, wọ́n sì ní kí oníkálukú máa dá iye tó wù ú. Ọkọ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́. Ẹni tó ń fi fóònù pe takisí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyọnu, nítorí ó lè pe iléeṣẹ́ méjì kó fi owó wọn wéra. Ẹni tó ń wọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú tàbí ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀ràn kàn: àlejò lè san iye tó ju ti ọkọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po fún ọ̀nà kan náà, láìsí òfin kankan tí wọ́n rú. Wọn kò padà sí owó kan náà fún gbogbo takisí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé takisí gbọ́dọ̀ lẹ ìwé iye owó mọ́ fèrèsé, kí iye tí wọn yóò gbà fún ìrìnàjò kìlómítà 10 tó gba ìṣẹ́jú 15 sì wà lórí rẹ̀ gàdàgbà, kí èrò lè kà á láti ìta. Ọgbọ́n tó dáa ni, ìlú tó bá fẹ́ dá owó sílẹ̀ fún ọlọ́jà kò gbọ́dọ̀ fò ó dá.

Lọ́ńdọ̀nù gba ọ̀nà míì. Takisí dúdú, ìyẹn takisí ojú títì ibẹ̀, nìkan ni òfin gbà láyè kí èrò na ọwọ́ sí. Ọkọ̀ àpè yòókù, tí òfin 1998 mú wá sábẹ́ ìwé àṣẹ, gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ láti ọwọ́ iléeṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ẹni tó kàn dúró sójú ọ̀nà. Ní pàṣípààrọ̀ àǹfààní yẹn, Transport for London, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú náà, ló ń dá owó orí mítà takisí dúdú, dírébà rẹ̀ kò sì lè kọ ìrìnàjò tí kò ju máìlì 12 lọ láàárín ìlú láìsí ìdí gúnmọ́. Láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow, ó di máìlì 20.

Òfin pé kí dírébà má kọ èrò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ èrò nìkan. Ìṣirò wà nínú ẹ̀. Dírébà tó gbé èrò lọ sí ẹ̀yìn odi ìlú máa fi ọkọ̀ òfìfo padà, ìdajì ìrìnàjò náà ló ń sanwó fún un, epo ìdajì kejì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó lè ti tò fún wákàtí méjì kó tó kàn án, kí ẹ wá wọlé kí ẹ ní ilé yín kò ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Ìlú tó kàn fi owó ìtanràn halẹ̀ láìwo ìṣirò yìí ni dírébà ibẹ̀ ń sọ pé mítà òun bàjẹ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí pápákọ̀ náà fún ẹni tó gbé èrò ọ̀nà kúkúrú ní tíkẹ́ẹ̀tì tó máa fi padà sí iwájú ìlà, tàbí kí òfin fi àfikún díẹ̀ sí owó ọ̀nà tó bá kọjá odi ìlú, kí ó sì kọ iye rẹ̀ síbi tí èrò lè rí i.

Bí mítà ṣe ń kà, àti ibi tó ti ń ṣìnà

Bruhn, ará Jámánì kan, ló ṣe mítà takisí tó di ìlò káàkiri, ní 1891. Òǹkà mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀ títí dòní: owó ìbẹ̀rẹ̀, owó kìlómítà, àti owó ìdúró. Ọ̀pọ̀ èrò rò pé mítà ń ka ọ̀nà àti àkókò pa pọ̀. Mítà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ ń ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ká ní kìlómítà kan jẹ́ ẹyọ 10, wákàtí ìdúró kan sì jẹ́ ẹyọ 200. Ẹ fi 10 pín 200, ó di 20. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré ju kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan lọ, ọ̀nà ni mítà ń kà. Tó bá rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó dúró, àkókò ló ń kà.

Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Ọ̀nà kìlómítà 6 tó gba ìṣẹ́jú 40 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò jẹ́ nǹkan bí 133, yàtọ̀ sí owó ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kìlómítà 9 tó já geerege, tó gba ìṣẹ́jú 15, yóò jẹ́ 90. Dírébà tó yà kúrò ní ọ̀nà tí ẹ mọ̀ lè jẹ́ olè, ó sì lè jẹ́ pé owó yín ló ń bá yín ṣọ́. Kí ẹ tó bínú, ẹ ṣí máàpù fóònù yín kí ẹ wo bí ọ̀nà kúkúrú náà ṣe rí.

Àwọn ibi tí èrò ti ń pàdánù owó nídìí mítà nìwọ̀nyí, láti orí èyí tó wọ́pọ̀ jù:

Dírébà kò pa owó èrò tó sọ̀kalẹ̀ rẹ́. Ẹ wo ojú mítà bí ẹ bá ṣe ń jókòó. Owó ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó tẹ owó òru ní ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ mítà máa ń fi òǹkà kékeré kan hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó, 1 tàbí 2 tàbí 3, èyí tó ń sọ irú owó tó ń kà. Ìwé iye owó inú ọkọ̀ ló máa sọ ohun tí òǹkà kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Ó ní mítà bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí mítà jẹ́ dandan, ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbé èrò. Ẹ sọ̀kalẹ̀, tàbí kí ẹ fẹnu kò sí iye kan kí táyà tó yí. Ẹni tó ní "a ó jọ rí i tá a bá dé" ti fi ibẹ̀ sọ fún yín pé òun nìkan ló máa rí i.

Táyà rẹ̀ kéré ju èyí tí wọ́n fi dán mítà wò lọ. Èyí fara sin, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Mítà tó ń gba òǹkà láti ara ọkọ̀ kì í wo ilẹ̀, yíyí táyà ló ń kà. Bí àyíká táyà bá fi 5% kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kìlómítà 10 yóò di nǹkan bí 10.5 lójú mítà. Ìdí nìyí tí àwọn olùyẹ̀wò fi ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀nà tí wọ́n ti wọ̀n, tí wọ́n sì ń fi èdìdì dè é lẹ́yìn náà, àti ìdí tí pípààrọ̀ táyà sí ìwọ̀n míì fi yẹ kó mú ọkọ̀ padà síwájú wọn. Bí èdìdì bá ti já, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí máàpù fóònù yín máa ka ọ̀nà lọ ní tirẹ̀. Ìyàtọ̀ díẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Bó bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ó tó ohun tí èèyàn ń kọ ìwé sí.

Áàpù: iye tí ẹ rí kì í ṣe májẹ̀mú

Ohun tí ará ìlú fẹ́ràn jù nínú takisí orí fóònù ni pé iye owó yọ kí wọ́n tó pè é. Àsọtẹ́lẹ̀ sì ni iye náà. Áàpù ro ọ̀nà tí dírébà máa gbà, ó ro iye ìṣẹ́jú, ó fi owó tirẹ̀ lé e, ó sì wo iye ọkọ̀ tó wà nítòsí àti iye èèyàn tó ń wá ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Bí ẹ bá fi ibi ìdúró kún un, tí ẹ yí ibi tí ẹ ń lọ padà, tàbí tí ọ̀nà gùn ju àsọtẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀, ó lè tún owó náà ṣírò. Owó ẹnubodè àti owó ìdúró, bí ẹ bá jẹ́ kí dírébà dúró kọjá ìṣẹ́jú tí wọ́n yọ̀ǹda, tún máa ń gorí ẹ̀.

Nígbà tí owó bá fò sókè ni ariwo ń sọ. Òjò rọ̀, bọ́ọ̀lù parí, gbogbo ayé tẹ fóònù pa pọ̀, iye tí ẹ mọ̀ di ìlọ́po méjì. Èrò ní ìwọra ni. Iléeṣẹ́ áàpù ní owó tó gòkè yẹn ló ń mú dírébà tó ti lọ sùn padà sójú ọ̀nà. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Mítà takisí ojú títì kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀, nítorí náà owó rẹ̀ kò gòkè, dírébà rẹ̀ náà kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó fi ilé sílẹ̀, ìlà á wá gùn ní ìdíkọ̀. Láàárín owó tó le àti ọkọ̀ tí kò sí, a gbà pé kí owó gòkè ṣùgbọ́n kí ó ní àjà. Íńdíà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìlànà ọdún 2020, ìlọ́po 1.5 owó ìpìlẹ̀ ni òpin, ìlànà 2025 sì gbé e dé ìlọ́po 2.

Bí owó bá fò lójú yín, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí kò bá kán yín lójú, tàbí kí ẹ rìn kọjá àdúgbò tí èrò ti pọ̀, nítorí àdúgbò-àdúgbò ni ọ̀wọ́ngógó náà. Ẹ wo áàpù kejì. Kí ẹ sì yọjú sí ìdíkọ̀ takisí tó bá wà nítòsí, ibẹ̀ ni mítà ti ń gbè yín.

Ìpàdánù kejì ni fífagilé. Dírébà á pè yín: "Níbo lẹ ń lọ? Káàdì àbí kẹ́ẹ̀ṣì?" Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí ẹ fagilé e. Ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá fagilé lè san owó rẹ̀, ó sì máa wà nínú ìwé rẹ̀. Kí dírébà fagilé e fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ nínú ojú ewé ọ̀rọ̀ inú áàpù kí ẹ sì ya àwòrán ojú fóònù. Ohun tó ń sún un ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: iléeṣẹ́ áàpù sábà máa ń yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lára owó, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo àti àtúnṣe ọkọ̀ sì wà lọ́rùn dírébà. Òun náà ló máa ń bi yín pé ṣé kí ẹ jọ lọ "láìsí áàpù". Owó yẹn lè dín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìrìnàjò náà kò sí níbì kankan mọ́, kò sí orúkọ, kò sí ọ̀nà tí ẹ gbà, ìdójútòfò tí áàpù ṣe kò sì bò yín.

Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn: ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wé ti ojú fóònù, lẹ́yìn náà ojú dírébà. Ẹ má sọ orúkọ yín. Ẹ bi í pé "Ta lẹ wá gbé?" kó sọ ọ́ fún yín. Bí áàpù bá fún yín ní òǹkà ìkọ̀kọ̀, ẹ má sọ ọ́ kí ẹ tó jókòó. Bí ojú kò bá jọ ti fọ́tò, kódà kí nọ́ńbà bá a mu, ẹ máà wọ̀ ọ́. Dírébà kan ti lè yá ẹlòmíràn ní àkántì rẹ̀, èyí tí gbogbo àyẹ̀wò tí áàpù ṣe kò wúlò sí.

Takisí àpè, tí wọ́n ń gbàgbé

Nínú ariwo mítà àti áàpù, èèyàn kì í ka èyí sí. Síbẹ̀ òun ló rọrùn jù láti mọ iye rẹ̀: wọ́n sọ owó, ẹ gbà á, kò ní yí padà nítorí òjò. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta lórí fóònù kí ẹ tó gbà: ṣé iye yìí ni gbogbo rẹ̀, títí kan owó ẹnubodè àti ẹrù? Ìṣẹ́jú mélòó ni dírébà lè dúró dè mí láìgba àfikún? Kí ni nọ́ńbà ọkọ̀ náà? Iléeṣẹ́ tí kò lè dáhùn ìbéèrè kẹta títí ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú kì í ṣe èyí tí ẹ ń fi ọkọ̀ òfurufú aago márùn-ún ìdájí sí lọ́wọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í yá. Ẹni tó bá fẹ́ lọ nísinsìnyí kò rí tirẹ̀ níbẹ̀.

Àjùmọ̀wọ̀ ló rọrùn jù lójú àpò, ó sì mọ́gbọ́n wá fún ọ̀nà tí ẹ ń rìn lójoojúmọ́, tí ẹ ti mọ iye ìjókòó rẹ̀. Ẹ kà bí ọkọ̀ ṣe máa pẹ́ kó tó kún mọ́ àkókò yín. Bí dírébà bá fẹ́ fi èrò kẹfà há ibi èèyàn márùn-ún, bẹ́líìtì kò ní ká a, owó tí ẹ fi pamọ́ kò sì tó nǹkan tí ẹ fi ń ṣeré.

Òté lórí iye ọkọ̀: ta ni ó ń gbè?

Èrò kan náà máa ń fẹ́ ohun méjì tí kò lè gbé pọ̀: kí takisí wà nílẹ̀ nígbàkígbà tó bá na ọwọ́, kí wọ́n sì má kún títì nígbà tó bá ń wa ọkọ̀ tirẹ̀. Ìjà yìí ti pẹ́. Ní 1654, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dé kẹ̀kẹ́ ẹṣin akérò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò gbọ́dọ̀ ju 300 lọ.

New York ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. Ní 1937 ìlú náà fi òpin sí iye ìwé àṣẹ takisí, dọ́là 10 ni wọ́n sì ń gba ọ̀kan. Ìlú ń dàgbà, èrò ń pọ̀, ìwé àṣẹ kò pọ̀ sí i, ó wá di dúkìá tí wọ́n ń tà láàárín ara wọn. Nígbà tó fi máa di 2014, ọ̀kan ti ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ọ̀pọ̀ dírébà yá owó rà á. Áàpù dé, ọkọ̀ àpè pọ̀ bí eéṣú, owó ìwé àṣẹ sì já wálẹ̀ bí òkúta láàárín ọdún mẹ́rin péré, gbèsè kò bá a já. Ní 2018, ìlú kan náà ló tún padà fi òté dé ìwé àṣẹ tuntun fún ọkọ̀ áàpù, ó sì pàṣẹ owó tó kéré jù tí dírébà wọn gbọ́dọ̀ gbà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019.

Ireland ṣí ilẹ̀kùn ní tirẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ní 2000. Takisí Dublin tí kò tó 3,000 lọ sókè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láàárín ọdún díẹ̀. Ìlà òru tó ti ń gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún kúrú, inú èrò dùn, àwọn tó fi owó ńlá ra ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀ sunkún. Owó orí mítà kò di ti oníkálukú o, ìjọba ṣì ń dá iye tó ga jù. Tí wọ́n bá bi wá, bí ti Ireland la máa sọ: ẹ fi òfin le ìwà dírébà, àyẹ̀wò ọkọ̀ àti òpin owó, ẹ má fi í sọ ìwé àṣẹ di góòlù. Ṣùgbọ́n ìlú tí títì rẹ̀ ti há gádígádí lè ní ìdí tó dáa láti ṣe òdì kejì, a kò ní bá a jà.

Ọ̀rọ̀ áàpù gan-an ti kúrò ní iyèméjì ní àwọn ilé ẹjọ́ kan. Ní oṣù Kejìlá 2017, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé iṣẹ́ ìrìnnà ni Uber, iléeṣẹ́ takisí orí fóònù kan, ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ alárinà orí íntánẹ́ẹ̀tì lásán, nítorí náà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè fi òfin takisí dè é. Ní oṣù Kejì 2021, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní òṣìṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ sí owó oṣù tó kéré jù àti ìsinmi ni dírébà Uber tó gbé ẹjọ́ wá. Èrò lè ní kí ló kan òun nínú ìyẹn. Oorun ló kàn án. Dírébà tí owó rẹ̀ kò tó máa pa áàpù kan lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá, á ṣí òmíràn, áàpù kejì kò sì mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí orí rẹ̀ bá ń ṣe bìrì tàbí tó ń fi táyà gun ìlà, ẹ ní kó dúró níbi tí iná wà, kí ẹ sọ̀kalẹ̀.

Ìrìnàjò wo, takisí wo?

Lóru, tó bá ṣe ẹ̀yin nìkan: áàpù tàbí àpè. Ẹ fi ìrìnàjò hàn ẹnì kan tó ṣì jí, ẹ jókòó sẹ́yìn ní ọ̀tún tàbí òsì níbi tí ilẹ̀kùn kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ dán an wò bóyá ilẹ̀kùn ń ṣí láti inú.

Sí pápákọ̀ òfurufú láàárọ̀ kùtù: àpè, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láti pápákọ̀ náà: ìdíkọ̀ tí ìjọba mọ̀, pàápàá níbi tí owó kan bá wà tí kò ń yí padà. Ẹni tó bá wá bá yín nínú gbọ̀ngàn tó ń sọ pé "takisí, takisí" ti fi ìlà sílẹ̀ fún ìdí kan.

Ọ̀nà kúkúrú lọ́sàn-án nígbà tí títì já: ojú títì. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà: áàpù, nítorí owó tó ti sọ sábà máa ń dúró bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀, nígbà tí mítà ń ka gbogbo ìṣẹ́jú.

Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ abirùn: ẹ wá ìlú tó fi í ṣe òfin kì í ṣe tó fi í ṣe ojú rere. Gbogbo takisí dúdú Lọ́ńdọ̀nù ló gbọ́dọ̀ lè gba kẹ̀kẹ́ abirùn. Ní ibi tí kò bá sí irú ẹ̀, àpè ni, kí ẹ sì sọ ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ náà lórí fóònù, ṣé ó ń ká àbí kò ká, nítorí búùtù ọkọ̀ tó ń lo gáàsì, tí sílíńdà wà nínú ẹ̀, lè má gbà á.

Ọmọ kékeré: ẹ mú ìjókòó ọmọ tiyín dání tàbí kí ẹ pè é mọ́ ọkọ̀. Òfin àwọn ìlú kan fi takisí sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìjókòó ọmọ, ṣùgbọ́n bíréèkì kò mọ̀ pé òfin fi í sílẹ̀.

Bí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀

Ìdójútòfò ọkọ̀ àdáni kì í sábà bo gbígbé èrò fún owó. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ ya fọ́tò ìwé àṣẹ takisí náà àti àmì ìdójútòfò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Nínú áàpù, ẹ má jẹ́ kí dírébà parí ìrìnàjò náà lórí fóònù rẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó ya àwòrán rẹ̀.

Fún ẹ̀sùn owó tàbí ìwà, ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà: nọ́ńbà ìwé àṣẹ (kì í ṣe nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan, ó lè ju dírébà kan lọ tó ń wa ọkọ̀ kan), aago, ibi tí ẹ ti wọ̀ ọ́ àti ibi tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀, iye tí ẹ san, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Iléeṣẹ́ tàbí áàpù ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sí. Bí wọn kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì tó fúnni níwèé àṣẹ, pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ náà. "Dírébà yín burú" kì í dé ibì kankan. "Mítà fi owó òru hàn ní aago méjì ọ̀sán, fọ́tò nìyí" máa ń dé.

Ti ẹrù tó sọnù ló ń gba ìyára jù, nítorí èrò tó wọlé lẹ́yìn yín ló máa kọ́kọ́ rí i. Áàpù àti takisí àpè ní ìwé ìrìnàjò, wọ́n lè pe dírébà láàárín ìṣẹ́jú. Ní takisí ojú títì, rìsíìtì inú mítà sábà máa ń ní nọ́ńbà ọkọ̀ lórí, owó tí ẹ fi káàdì san sì lè tọ́ka sí ẹni tó gbà á. Bí ẹ bá fi kẹ́ẹ̀ṣì san án láìgba rìsíìtì, nọ́ńbà tó kù lọ́wọ́ yín ni èyí tí ẹ bá ti yà ní fọ́tò kí ẹ tó wọlé.